Oyún Ewúrẹ́ Tó Ń Bàjẹ́ Léraléra: Ṣé Kata Ni?

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Ewúrẹ́ 11 ni mo ń sìn lẹ́yìn ilé wa ní Ẹ̀pẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí mo ra òbúkọ kan lọ́jà, oyún bàjẹ́ lára mẹ́ta nínú wọn. Ikun ń dà nímú àwọn yòókù, ẹnu wọn bó, wọ́n sì ń ṣu gbuuru. Abẹ́rẹ́ apakòkòrò tí a gún fún wọn kò ràn wọ́n. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ìyá mi. Oyún tó bàjẹ́ nìkan kò tó láti fi mọ àìsàn, nítorí bákítéríà náà lè fà á. Ṣùgbọ́n nígbà tí ikun imú, ẹnu bíbó àti ìgbẹ́ gbuuru bá pa pọ̀ lẹ́yìn tí ẹran ọjà wọlé, kata ni mo kọ́kọ́ ń fura sí, èyí tí àwa oníṣègùn ẹran ń pè ní PPR. Ó sábà máa ń tó ọjọ́ mẹ́rin sí mẹ́fà lẹ́yìn tí ẹran bá kó o kí ara rẹ̀ tó gbóná, nítorí náà àsìkò tí ẹ wí bá a mu. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á, abẹ́rẹ́ apakòkòrò kì í sì í pa fáírọ́ọ̀sì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè dí ọ̀nà mọ́ bákítéríà tó máa ń gùn lé kata láti ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Kata kì í ran ènìyàn. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé ojú lásán kò lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé kata ni. Ibà Àfonífojì Rift, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣàpèjúwe ní Kẹ́ńyà ní 1931, tí ẹ̀fọn sì ń gbé kiri, lè ba ọ̀pọ̀lọpọ̀ oyún inú agbo jẹ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó sì ń ran ẹni tó bá fọwọ́ lásán kan ẹ̀jẹ̀ tàbí ibi ọmọ. Nítorí náà, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, kí aláboyún má sì sún mọ́ ibẹ̀ rárá. Ẹ di ọmọ tó bọ́ àti ibi rẹ̀ sínú ọ̀rá méjì, ẹ fi sínú kúlà oníyìnyín (kì í ṣe fìríìjì ẹja o), kí ẹ sì pe oníṣègùn ẹran ìjọba lọ́jọ́ náà gan-an kí ó lè mú un lọ fún àyẹ̀wò. Èyí tí kò bá gbé, ẹ rì í mọ́lẹ̀ jìnnà kí ajá má baà hú u. Ẹ má sọ ọ́ sínú ọ̀sà.

Ẹ ya àwọn aláìsàn sọ́tọ̀, ẹ má sì tà wọ́n, nítorí ọjà ni kata ti ń gba ilé dé ilé. Bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé kata ni, kí wọ́n gún àjẹsára fún àwọn tí ara wọn ṣì dá. Láti ara fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n rí ní Nàìjíríà ní 1975 ni wọ́n ti ṣe é, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Nigeria 75/1. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó fún ọdún mẹ́ta ó kéré tán, kò sì ń ba oyún jẹ́. Ooru ló ń pa á: bí wọ́n bá fi ọ̀rá lásán gbé e wá lórí ọ̀kadà, omi ni wọ́n gún fún ẹran yín, ẹ má sanwó rẹ̀. Àwọn ọmọ tí ìyá wọn ti gba àjẹsára tẹ́lẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n pé oṣù mẹ́rin kí ẹ tó gún tiwọn.