Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ọjọ́ Méje Láàárín Àwọn Erékùṣù Cabo Verde

Lẹ́tà mẹ́rin ni a yàn lọ́tẹ̀ yìí, gbogbo wọn ló sì dá lórí ìrìn-àjò ìsinmi sí Cabo Verde, orílẹ̀-èdè tó wà láàárín òkun Àtìláńtíìkì ní ìwọ̀ oòrùn Senegal.

Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ó ti tó ọdún méjì tí èmi àti ìyàwó mi ti ń tọ́jú owó kí a lè lọ sinmi ní Cabo Verde. Ọjọ́ méje péré ni ibi iṣẹ́ yọ̀ǹda fún wa. Mo fẹ́ kí a dé Sal nítorí etíkun rẹ̀, kí a dé Fogo nítorí òkè ayọnáyèéfín, kí a sì tún dé São Vicente àti Santo Antão. Ìyàwó mi ní ohun tí mo ń kó jọ ti pọ̀ jù. Èmi ní nígbà tí a bá ti náwó dé ibẹ̀, kí ló kù tí a kò ní rí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dá sí i. — *Ọkọ tó fẹ́ rí gbogbo rẹ̀*

Ìdáhùn: Ọ̀gá mi, ìyàwó yín ló jàre. Lórí àwòrán ilẹ̀, àwọn erékùṣù náà dà bí ẹni pé ènìyàn lè ti orí ọ̀kan fò sórí èkejì. Mẹ́wàá ni wọ́n, mẹ́sàn-án nínú wọn ni ènìyàn sì ń gbé. Santa Luzia nìkan ni kò ní olùgbé. Ṣùgbọ́n Sal àti São Vicente wà lápá àríwá, nínú ọ̀wọ́ tí wọ́n ń pè ní Barlavento, nígbà tí Fogo wà lápá gúúsù, nínú ọ̀wọ́ Sotavento. Kí ẹ tó ti Sal dé Fogo, ó ṣeé ṣe kí ẹ kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ ní Praia tí í ṣe olú ìlú, kí ẹ sì jókòó de ọkọ̀ mìíràn níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Bí ẹ bá yọ ọjọ́ tí ẹ óò dé àti ọjọ́ tí ẹ óò padà kúrò nínú méje, márùn-ún ló kù. Láti erékùṣù kan sí èkejì, ẹ óò palẹ̀ ẹrù mọ́, ẹ óò lọ sí pápákọ̀ òfurufú tàbí èbúté, ẹ óò dúró, ẹ óò rìn, ẹ óò sì wá yàrá tuntun. Ìdajì ọjọ́ ti lọ nìyẹn bí gbogbo nǹkan bá lọ déédéé, bí kò bá sì lọ déédéé, odindi ọjọ́ ni. Erékùṣù mẹ́rin ń fẹ́ irú ìṣípò bẹ́ẹ̀ mẹ́ta, èyí tó túmọ̀ sí pé ẹ óò fi ohun tó pọ̀ jù nínú ìsinmi yín gbé àpótí kiri.

Ohun tí èmi yóò ṣe tí mo bá wà ní ipò yín ni pé n óò mú São Vicente àti Santo Antão nìkan. Ọkọ̀ òfurufú láti ilẹ̀ òkèèrè ń balẹ̀ ní São Vicente, Santo Antão sì wà ní òdìkejì omi tóóró kan, tí ọkọ̀ ojú omi ń rékọjá ní nǹkan bíi wákàtí kan láti Mindelo, ìlú ńlá São Vicente, sí Porto Novo tí í ṣe èbúté Santo Antão. Kò sí pápákọ̀ òfurufú tó ń ṣiṣẹ́ ní Santo Antão, nítorí náà ọkọ̀ ojú omi nìkan ni ọ̀nà. Èmi rí i bí oore, nítorí pé kò jẹ́ kí èrò pọ̀ jù níbẹ̀.

Ẹ sun Mindelo ní alẹ́ ọjọ́ tí ẹ bá dé. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ jáde sí etí òkun kí ẹ wo Monte Cara, òkè tó rí gẹ́lẹ́ bí ojú ènìyàn tó dùbúlẹ̀ tó kọjú sókè. Ẹ óò rí iwájú orí, imú àti àgbọ̀n rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ wọ ọkọ̀ lọ sí Santo Antão, kí ẹ sì lo òru mẹ́ta níbẹ̀.

Porto Novo tí ẹ óò gúnlẹ̀ sí lè já yín kulẹ̀, nítorí ilẹ̀ gbígbẹ àti òkúta ni ojú yóò rí. Ẹ má ṣe dá a lẹ́jọ́. Àwọn bọ́ọ̀sì kékeré tí wọ́n ń pè ní aluguer máa ń dúró de ọkọ̀ ojú omi. Bí wọ́n bá kún ni wọ́n ń gbéra. Ẹ sọ fún awakọ̀ pé ọ̀nà àtijọ́ tó gba orí òkè lọ, èyí tí wọ́n ń pè ní Corda, ni ẹ fẹ́ gbà, nítorí ọ̀nà tuntun tó gba etí òkun yá jù ú lọ, àwọn awakọ̀ sì fẹ́ràn rẹ̀. Òkúta ni wọ́n fi tẹ́ ọ̀nà Corda láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí ó sì ti ń gòkè ni òtútù ń mú sí i, títí ẹ óò fi dé àárín igi páìnì tí ìkùukùu rọ̀ mọ́.

Níbẹ̀ ni Cova wà, ihò òkè ayọnáyèéfín kan tó ti kú láti ìgbà pípẹ́, tí àwọn àgbẹ̀ wá ń gbin àgbàdo àti ẹ̀wà sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ó lé ní 1,000 mítà sókè òkun. Mo dúró létí rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kan: oòrùn ń ràn kedere lẹ́yìn mi, níwájú mi sì ni ìkùukùu ń ṣàn wọlé lórí ògiri òkè bí omi tó kún àmù tó sì ń dà sílẹ̀. Láti ibẹ̀, ọ̀nà ẹsẹ̀ kan ń lọ́ sọ́tùn-ún lọ́ sósì sọ̀ kalẹ̀ wọ àfonífojì Paúl, láàárín ìrèké, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kókò, títí dé etí òkun. Wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún ni ẹ óò fi rìn ín. Ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé pé sísọ̀kalẹ̀ rọrùn ju gígòkè lọ o. Orúnkún àti ọmọ-ìka ẹsẹ̀ ló ń san gbèsè rẹ̀. Bàtà tí ẹ ti wọ̀ di ọ̀rẹ́ ni kí ẹ wọ̀, kì í ṣe èyí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà fún ìrìn-àjò.

Lọ́jọ́ kejì ìyẹn, bí ara bá ṣì le, ẹ rìn láti Ponta do Sol lọ sí Fontainhas, abúlé kan tí wọ́n kọ́ sórí ẹ̀yìn òkè tó dà bí ojú ọ̀bẹ. Nǹkan bíi wákàtí kan péré ni. Ẹni tó bá fẹ́ lè máa bá etí òkun lọ títí dé Cruzinha, ẹni tó bá sì rẹ̀ lè padà láìtijú. Ẹ mú owó dání láti Mindelo, nítorí kì í ṣe gbogbo abúlé ni ẹ̀rọ tó ń pọ owó wà. Escudo ni owó wọn, iye rẹ̀ sí yúrò kì í sì í yí padà: 110.265 ni fún yúrò kan.

Èyí tí n kò ní gbà kí ẹ bá mi jiyàn lé lórí nìyí: erékùṣù tí ọkọ̀ òfurufú yóò ti gbé yín padà sílé ni kí ẹ ti sun òru ìkẹyìn, òru méjì ni ó tilẹ̀ dára jù. Láti oṣù Kejìlá títí wọ oṣù Kẹta, eruku aṣálẹ̀ Sahara sábà máa ń bo ojú ọ̀run níbẹ̀. Bruma seca ni wọ́n ń pè é. Ìbátan ọyẹ́ tí àwa mọ̀ ni. Bí ó bá nípọn, awakọ̀ òfurufú kò ní rí ilẹ̀, wọn yóò sì dá ọkọ̀ dúró. Bákan náà ni atẹ́gùn líle lè mú kí wọ́n fagi lé ọkọ̀ ojú omi. Èmi fúnra mi ti jókòó rí láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ sórí àga onírin ní pápákọ̀ òfurufú kékeré kan, tí mo ń wo pátákó tí kò yí padà, títí ọkọ̀ tó yẹ kó gbé mi lọ sílé fi gbéra ní erékùṣù kejì láìsí mi níbẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì tuntun ni mo rà. Nítorí náà, bí ẹ kò bá tíì yan oṣù, oṣù Kọkànlá ni mo dìbò fún: òjò tó ń rọ̀ láti oṣù Kẹjọ sí oṣù Kẹwàá ti lọ, àfonífojì ṣì tutù yọ̀yọ̀, eruku kò sì tíì dé.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ wọ abẹ́ òkun pẹ̀lú àgbá afẹ́fẹ́ lẹ́yìn nígbà tí mo bá dé Cabo Verde. Ẹnìkan sọ fún mi pé kí n fi í sí ọjọ́ ìkẹyìn kí ó lè jẹ́ àṣekágbá. Ṣé ó tọ̀nà? — *Ẹja inú omi*

Ìdáhùn: Rárá, ìmọ̀ràn náà léwu. Nísàlẹ̀ omi, ìwúwo omi máa ń ti afẹ́fẹ́ nitrogen wọnú ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara. Bí ẹ bá yára lọ sókè sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti fúyẹ́, ó lè di èéhó nínú ara yín, gẹ́gẹ́ bí ọtí ẹlẹ́rìndòdò ti ń hó nígbà tí a bá ṣí ìdérí ìgò rẹ̀. Ó lè ba oríkèé ara jẹ́, ó sì lè pa ènìyàn. Òfin tí àwọn onímọ̀ ń tẹ̀ lé ni pé ẹni tó wọ abẹ́ omi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo gbọ́dọ̀ dúró fún wákàtí 12, ó kéré tán, kí ó tó wọ ọkọ̀ òfurufú. Ẹni tó wọ̀ ọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, tàbí fún ọjọ́ bíi mélòó kan, gbọ́dọ̀ dúró fún 18. Èmi máa ń fún un ní odindi ọjọ́ kan.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rò ni pé òkè kò yàtọ̀ sí ọkọ̀ òfurufú nínú ọ̀ràn yìí. Bí ẹ bá wọ abẹ́ omi ní São Vicente ní àárọ̀, tí ẹ sì rékọjá sí Santo Antão ní ọ̀sán, ọkọ̀ ojú omi kò ní ṣe yín ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n ọ̀nà Corda yóò gbé yín kọjá 1,000 mítà. Ọ̀nà etí òkun ni kí ẹ gbà lọ́jọ́ náà.

Olóòtú, mo ti pé ọmọ ọdún méjìlélọ́gọ́ta, ara mi sì le dáadáa. Ṣé mo lè gun òkè Fogo? — *Ìyá àgbà tó ń rìn*

Ìdáhùn: Ìyá wa, ọjọ́ orí kọ́ ni yóò dá yín dúró. Pico do Fogo ga tó 2,829 mítà, ó ga ju gbogbo òkè yòókù ní orílẹ̀-èdè náà lọ, ṣùgbọ́n Chã das Caldeiras, abúlé tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, fúnra rẹ̀ ti wà lókè tó nǹkan bíi 1,700 mítà. Ohun tó kù láti gùn lé díẹ̀ ní 1,100 mítà, eérú àti òkúta wẹ́wẹ́ tó ń yọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ sì ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ mú afinimọ̀nà láti abúlé náà, ẹ gbéra kí ilẹ̀ tó mọ́, kí ẹ sì mú ọ̀pá ìtilẹ̀ méjì. Bí dókítà bá ti sọ̀rọ̀ orúnkún tàbí ọkàn fún yín rí, ẹ kọ́kọ́ padà lọ bi í.

Bí ẹ kò bá tilẹ̀ dé orí òkè, abúlé náà tó wò. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2014 ni òkè yìí tún bú gbàmù, ó sì ń yọ iná títí di oṣù Kejì ọdún 2015. Iná tó ń ṣàn bí ògì yìí bo Portela àti Bangaeira, apá méjì abúlé náà, mọ́lẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ padà wá, wọ́n tún ilé kọ́ sórí òkúta dúdú náà, wọ́n sì ń gbin àjàrà tí wọ́n fi ń pọn wáìnì sínú eérú. Ìrìn-àjò Fogo yẹ ní ọjọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ wọlé láti Praia, kí ẹ má sì pa á pọ̀ mọ́ àwọn erékùṣù àríwá.

Ṣé òótọ́ ni pé èébì máa ń gbé ènìyàn nínú ọkọ̀ Mindelo sí Porto Novo? — *Oníkùn rírọ̀*

Ìdáhùn: Òótọ́ ni, pàápàá nígbà tí atẹ́gùn àríwá ìlà oòrùn bá ń já gba àárín erékùṣù méjèèjì. Àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ mọ̀ ọ́n débi pé wọ́n ti ń pín ọ̀rá kiri kí ọkọ̀ tó kúrò ní èbúté. Ẹ lo oògùn èébì ní wákàtí kan ṣáájú, nítorí bí inú bá ti ń rú kò wúlò mọ́. Ẹ jẹun díẹ̀, ẹ jókòó sí àárín ọkọ̀ tàbí ẹ̀yìn rẹ̀ níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, kí ẹ tẹjú mọ́ òkè tó wà níwájú, kí ẹ má sì wo fóònù. Bí wọ́n bá fún yín ní ọ̀rá, ẹ gba méjì.