Íntánẹ́ẹ̀tì ti lọ, sáfà wà nílé: ṣé rédíò mesh lè gbé mi dé ọ̀dọ̀ ẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ ọ̀gá. Mo ní sáfà (server) kékeré kan nílé tí mo ń tọ́jú fáìlì àti fọ́tò sí, òun náà ló ń darí kámẹ́rà àti iná ilé. Tí mo bá wà níta, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti máa ń wọlé sí i, àmọ́ tí íntánẹ́ẹ̀tì ilé bá ti lọ, ó parí nìyẹn, mi ò lè mọ̀ bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́, mi ò dẹ̀ lè restart ẹ̀. Mo wá gbọ́ pé àwọn kan ń lo rédíò kékeré LoRa pẹ̀lú Meshtastic, software tó ń jẹ́ kí àwọn rédíò náà máa gbé mẹ́sẹ́ẹ̀jì fún ara wọn (ìyẹn ni mesh), pé kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì tàbí SIM rárá. Ṣé mo lè gba orí ẹ̀ fi SSH, tí wọ́n fi ń tẹ àṣẹ sínú sáfà láti ọ̀nà jíjìn, wọ sáfà mi? Kí ni kí n rà? Ṣé ẹlòmíì ò dẹ̀ ní lè gba sáfà yìí mọ́ mi lọ́wọ́?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìbéèrè o. Ó ṣe é ṣe dáadáa, àmọ́ ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ SSH yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń há sí, wọ́n á wá máa sọ káàkiri pé LoRa ò wúlò. SSH kọ́ lẹ máa gbé sórí rédíò yìí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lẹ máa gbé sórí ẹ̀, kọ̀ǹpútà tó wà nílé á wá fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣe gbogbo iṣẹ́ tó kù níbẹ̀.

Ìdí ni pé LoRa ò yára rárá. Ohun tó fi ń lọ jìnnà náà nìyẹn, ó máa ń fa ọ̀rọ̀ gùn lórí afẹ́fẹ́ kí rédíò tó wà lọ́nà jíjìn lè rí i gbọ́ kódà tí ariwo bá ti bò ó mọ́lẹ̀. Ní LongFast, ìyẹn setting tí Meshtastic máa ń bá wá látilẹ̀, nǹkan bíi kílóbíìtì 1 ló ń kọjá láàárín sẹ́kọ́ńdì kan. Mẹ́sẹ́ẹ̀jì kan ò lè fi bẹ́ẹ̀ ju 200 báìtì lọ, tẹ́ẹ bá dẹ̀ kọ ọ́ kún dẹ́nu, á lo bíi sẹ́kọ́ńdì 2 lórí afẹ́fẹ́. Ẹ wá fi ìyẹn wo SSH: kó tó tiẹ̀ béèrè páswọ̀ọ̀dù, kọ̀ǹpútà méjèèjì á ti ju ẹgbẹ̀rún báìtì mélòó kan síra wọn kí wọ́n lè dá ara wọn mọ̀, lẹ́yìn ìyẹn, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan tẹ́ẹ bá tẹ̀ ló máa rìn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, lílọ àti bíbọ̀. Ẹ̀yin nìkan kọ́ lẹ dẹ̀ wà lórí afẹ́fẹ́. Nínú mesh, rédíò tó bá gbọ́ mẹ́sẹ́ẹ̀jì yín máa tún un sọ kí èyí tó wà níwájú náà lè gbọ́, ìtúnsọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń pè ní hop, 3 ló máa ń ní látilẹ̀, kò dẹ̀ lè ju 7 lọ, orí frequency kan náà ni gbogbo wọn wà, tí ọ̀kan bá ń sọ̀rọ̀ àwọn tó kù ní láti dákẹ́. Tẹ́ẹ bá gbé SSH wọ ibẹ̀, ẹ̀yin ò ní rí i lò, àwọn tẹ́ẹ jọ wà lórí mesh náà ò ní rí àyè sọ̀rọ̀.

Bẹ́ẹ ṣe máa tò ó rèé. Rédíò méjì: ọ̀kan nínú àpò yín tó ń bá fóònù sọ̀rọ̀ lórí Bluetooth, ìkejì nílé, níbi tó ga, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tàbí lókè òrùlé. Èyí tó wà nílé yẹn, ẹ fi wáyà USB so ó mọ́ kọ̀ǹpútà kékeré kan, Raspberry Pi tàbí èyíkéyìí tí kì í jẹ iná. Ẹ má so ó mọ́ sáfà fúnra ẹ̀ o! Mo mọ̀ pé ó máa wù yín, torí USB wà lára sáfà náà, àmọ́ ọjọ́ tí sáfà bá hang gan-an lẹ máa nílò rédíò yìí jù, tí script yín, ìyẹn ètò kékeré tó ń dáhùn mẹ́sẹ́ẹ̀jì, bá dẹ̀ wà nínú sáfà tó hang, àwọn méjèèjì ti jọ lọ nìyẹn.

Orí Pi yẹn lẹ máa fi library Python ti Meshtastic sí. Á máa tẹ́tí sí rédíò, tí mẹ́sẹ́ẹ̀jì bá wọlé á pe function yín, function á wo ẹni tó fi ránṣẹ́, á wo ọ̀rọ̀ inú ẹ̀, á wá ṣe ohun tẹ́ẹ ti kọ sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹ tẹ èyí lórí fóònù:

ipo

Lẹ́yìn sẹ́kọ́ńdì mélòó kan, ẹ máa rí nǹkan tó jọ èyí:

sava OK, disk 71%, 48C, UPS 93%

Gbogbo ẹ̀ ò pé 40 báìtì, ó dẹ̀ ti sọ ohun tẹ́ẹ fẹ́ mọ̀ fún yín: sáfà ń ṣiṣẹ́, bí disk ṣe kún tó, bó ṣe gbóná tó, àti iná tó kù nínú UPS, ìyẹn bátìrì tó ń gbé e ró tí iná bá lọ. Ẹ ò rí i pé mi ò fi àmì ohùn sí i. Lẹ́tà o lásán, báìtì 1 ni, àmọ́ ọ̀ tó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀, báìtì 5 ló máa gbà. Èmi náà fẹ́ràn kí Yorùbá pé lójú ìwé, ṣùgbọ́n ti rédíò yàtọ̀.

Tí sáfà bá ń sùn, ẹ ṣe àṣẹ kan tó ń jẹ́ ji, kí Pi fi Wake-on-LAN ta á jí, ìyẹn packet kan tó ń jí kọ̀ǹpútà látorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Packet yẹn 102 báìtì ni, FF lẹ́ẹ̀mẹ́fà àti MAC address sáfà (nọ́ńbà káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì ẹ̀) lẹ́ẹ̀mẹ́rìndínlógún, orí kébù inú ilé ló dẹ̀ ń rìn, kì í dé orí rédíò rárá. Ẹ rántí pé íntánẹ́ẹ̀tì tó lọ ò sọ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì inú ilé ti lọ, tí iná bá ṣì wà lára router, àwọn ẹ̀rọ inú ilé ṣì ń gbọ́ ara wọn. Àmọ́ fún sáfà tó hang pátápátá, Wake-on-LAN ò lè ṣe nǹkan kan sí i, relay, ìyẹn swíìṣì kékeré tí Pi lè tẹ̀ fúnra ẹ̀, ló máa ṣe é. Pin méjì tí wáyà bọ́tìnì power lọ sí lára motherboard, ẹ so relay mọ́ wọn, Pi á pa wọ́n pọ̀ fún ìdajì sẹ́kọ́ńdì bí ìgbà téèyàn tẹ bọ́tìnì, tó bá dẹ̀ jẹ́ pé tipátipá lẹ fẹ́ pa á, kó dì í mú fún sẹ́kọ́ńdì 5. Kí Pi, rédíò àti router jọ wà lórí UPS tàbí bátìrì, torí iná tó lọ ló sábà máa ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì lọ.

Ibi tí àwọn èèyàn kì í rò dé nìyí: mesh máa ń sọ mẹ́sẹ́ẹ̀jì nù. Nígbà míì tiyín á dé, ìdáhùn ló máa sọnù lójú ọ̀nà, ẹ̀yin á rò pé kò dé, ẹ á tún un fi ránṣẹ́. Tí àṣẹ yín bá jẹ́ irú èyí tó ń yí nǹkan padà, tó bá ń tàn kó kú, tó bá kú kó tàn, ẹ ti pa ohun tẹ́ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn nìyẹn, ẹ ò dẹ̀ mọ̀. Torí náà, tan lọ́tọ̀, pa lọ́tọ̀. Tí tan bá dé lẹ́ẹ̀mẹ́ta, títàn náà ló máa wà. Tunbere ló le díẹ̀, torí tó bá dé lẹ́ẹ̀mejì sáfà máa restart lẹ́ẹ̀mejì, ó lè jẹ́ ìgbà tó ń yẹ disk ẹ̀ wò lọ́wọ́ ni ìkejì máa bá a. Ẹ fi nọ́ńbà sí i: tunbere 41, tó bá di ọjọ́ míì tunbere 42, kí Pi kọ nọ́ńbà tó gbà kẹ́yìn sílẹ̀, kó má gba èyíkéyìí tí kò bá ju ìyẹn lọ. Tẹ́ẹ ò bá rí ìdáhùn, 41 yẹn náà lẹ máa tún fi ránṣẹ́, Pi á kàn sọ fún yín pé òun ti ṣe é. Nọ́ńbà kan náà yìí ló máa gbà yín lọ́wọ́ ẹni tó bá ká mẹ́sẹ́ẹ̀jì yín látorí afẹ́fẹ́ tó fẹ́ tún un jù síbẹ̀ lọ́la.

Bóyá ẹlòmíì lè gbà á mọ́ yín lọ́wọ́? Ó lè gbà á, wẹ́rẹ́ báyìí, tẹ́ẹ bá fi í sílẹ̀ bó ṣe wá. Kọ́kọ́rọ́ tó wà lórí channel àkọ́kọ́ nínú Meshtastic, AQ== ni wọ́n ń kọ ọ́, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n. Ẹ ṣe channel tiyín, kí app fún un ní kọ́kọ́rọ́ báìtì 32 tó jẹ́ AES256, àwòrán QR ẹ̀ ò gbọdọ̀ jáde lọ́wọ́ yín. Ìyẹn nìkan ò tíì tó, torí ẹni tó bá ní kọ́kọ́rọ́ channel lè kọ nọ́ńbà rédíò yín sórí mẹ́sẹ́ẹ̀jì tiẹ̀, script yín á gbà pé ẹ̀yin ni. Direct message, ìyẹn mẹ́sẹ́ẹ̀jì sí rédíò kan ṣoṣo, ni kẹ́ẹ lò. Láti firmware 2.5 (software inú rédíò fúnra ẹ̀), tó jáde ní 2024, rédíò kọ̀ọ̀kan ti ní kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ tiẹ̀ àti ti gbangba tó ń fún àwọn yòókù, direct message dẹ̀ ń gba orí ẹ̀, kí script yín wò ó bóyá mẹ́sẹ́ẹ̀jì gba ọ̀nà yẹn wọlé, èyí tí kò bá gba ibẹ̀, kó jù ú nù láì fèsì.

Ohun tí mi ò ní gbà kẹ́ẹ ṣe rárá ni kẹ́ẹ gbé ọ̀rọ̀ tó bá wọlé sọ sínú shell, ibi tí kọ̀ǹpútà ti ń ṣe àṣẹkáṣẹ tí wọ́n bá tẹ̀, bó ṣe wà. Ẹ kọ àṣẹ márùn-ún, mẹ́fà sílẹ̀, èyí tí kò bá sí nínú wọn, kó má ṣe é. Ẹ tún rò ó wò pé rédíò tó wà nínú àpò lè jábọ́, ẹni tó bá rí i he náà ti di ọ̀gá sáfà nìyẹn, torí náà ẹ fi kóòdù ìkọ̀kọ̀ kan kún àwọn àṣẹ tó le. Àwọn kan á ní kí ẹ lo kóòdù orí fóònù tó ń yí padà ní gbogbo sẹ́kọ́ńdì 30. Mi ò fara mọ́ ọn níbí, torí aago ni kóòdù yẹn ń lò, Raspberry Pi tó ṣáájú Pi 5 ò dẹ̀ ní aago tirẹ̀ nínú, orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ti ń béèrè àkókò. Iná lọ, iná dé, íntánẹ́ẹ̀tì ò sí, aago Pi ti ṣáko, kóòdù yín ò ní wọlé mọ́, ní ọjọ́ tẹ́ẹ nílò ẹ̀ gan-an. Ẹ kọ kóòdù bíi mélòó kan sínú ìwé, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré.

Ní ti ọ̀nà jíjìn, àwọn kan ti ti orí òkè dé orí òkè fi Meshtastic sọ̀rọ̀ kọjá 300 kìlómítà, ẹ má fi ìyẹn ṣe ìrètí o. Láàárín ilé tó fún pọ̀, kìlómítà kan sí mélòó kan lẹ máa rí, ṣáńsì yín dẹ̀ wà lọ́wọ́ bí áńtẹ́nà ṣe ga tó ju bí agbára rédíò ṣe pọ̀ tó lọ. Tí àwọn míì bá ní rédíò láàárín yín àti ilé, ẹ ti jẹ èrè mesh nìyẹn, tí kò bá sí, ẹ wá ibi gíga kan tẹ́ẹ lè gbé ẹ̀kẹta sí. Ẹ má tan rédíò láì tíì so áńtẹ́nà mọ́ ọn, agbára tó yẹ kó jáde á padà sínú ẹ̀, ó lè jó o. Ẹ yan region tó tọ́, 868 MHz ní Yúróòpù, 915 ní Amẹ́ríkà, ibòmíì ní tiẹ̀, tẹ́ẹ ò bá dẹ̀ yan rárá kò ní fọhùn. Ní 868 tí Meshtastic ń lò ní Yúróòpù, òfin ò gbà kí rédíò kan lo ju ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún àkókò lọ, ìyẹn ìṣẹ́jú 6 nínú wákàtí kan, torí náà ẹ má jẹ́ kí sáfà máa ké ipo ẹ̀ ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú. Lẹ́ẹ̀kan ní wákàtí kan tó.

Nǹkan kan tún wà tó ń tan èèyàn jẹ. Meshtastic ní MQTT, tó máa ń gbé mẹ́sẹ́ẹ̀jì gba orí íntánẹ́ẹ̀tì. Tó bá wà ní títàn, ẹ lè máa dánra wò kí gbogbo ẹ̀ máa dán mọ́rán, kó wá jẹ́ pé íntánẹ́ẹ̀tì tẹ́ẹ ń sá fún gan-an ló ń bá yín gbé e. Ẹ pa MQTT, ẹ yọ wáyà íntánẹ́ẹ̀tì kúrò lẹ́yìn router, ẹ jáde síta, kẹ́ẹ tó tẹ ipo. Role rédíò ilé náà, ìyẹn iṣẹ́ tí wọ́n yàn fún un nínú mesh, CLIENT ni kẹ́ẹ fi í sí, ROUTER wà fún rédíò tó bá jókòó sórí òkè tó rí gbogbo àdúgbò.

Ní ti rírà, Heltec V3 dáa fún ilé, chip ESP32-S3 ló wà nínú ẹ̀, ó máa ń jẹ iná díẹ̀ ṣùgbọ́n ẹ̀yìn USB ló kúkú wà. Fún àpò, ẹ ra èyí tó ní chip nRF52840, irú RAK4631 tàbí T1000-E, bátìrì á pẹ́ lára ẹ̀ ju ti ESP32 lọ dáadáa. Tẹ́ẹ bá ní láísẹ́ǹsì ham, ìyẹn ti àwọn tó ń lo rédíò fún ìgbádùn, ẹ má tan ipò láísẹ́ǹsì yẹn nínú Meshtastic fún iṣẹ́ yìí, á bọ́ gbogbo ìpamọ́ kúrò lára mẹ́sẹ́ẹ̀jì, gbogbo èèyàn á máa kà á.

Tó bá ṣì jẹ́ pé shell gidi lọkàn yín fẹ́, ó ní ibi tó wà. Tí ilé bá wà lójúkojú yín, áńtẹ́nà WiFi tó dojú kọ ara wọn lè gbé SSH kọjá kìlómítà mélòó kan láì fa wàhálà kankan. Lórí LoRa, Reticulum, software nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti Mark Qvist, ni kẹ́ẹ wò, wọ́n kọ ọ́ fún ọ̀nà tó lọ́ra gan-an, rnsh tó ń bá a rìn dẹ̀ máa ń ṣí shell fún yín, ẹ kàn máa ní sùúrù, ẹ á tẹ nǹkan, ẹ á dúró. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn pátákó tí Meshtastic ń lò náà ló lè gba firmware RNode tí Reticulum fẹ́, àmọ́ pátákó kan ò lè ṣe méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ máa ra méjì míì fún un.