Ẹ jẹ́ kó buwọ́ lùwé náà, ṣùgbọ́n kó ṣe ìdánwò rẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o, màmá. Ẹ ní ọmọ yín ọkùnrin, ọmọ ọdún 17, rí ìwé àdéhùn gbà láti akádẹ́mì kíláàbù rugby kan ní London, bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sáré, pé ó fẹ́ pa ìdánwò A-level tì kó lè gbájú mọ́ bọ́ọ̀lù, bàbá rẹ̀ sì ti fárígá. Ẹ wá ń béèrè bóyá iṣẹ́ tó ń bọ́ èèyàn ni rugby. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ṣe é jẹun, láti ọmọ ọdún 18 títí mo fi pé 27. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí fún yín.

Iṣẹ́ gidi ni. Láti 1995 tí wọ́n ti gbà kí àwọn agbábọ́ọ̀lù rugby máa gbowó ni àwọn èèyàn wa ti ń jẹ níbẹ̀. Adedayo Adebayo tí wọ́n bí ní Ìbàdàn wà lórí pápá lọ́jọ́ tí kíláàbù rẹ̀, Bath, gba ife Yúróòpù ní 1998. Topsy Ojo ní tirẹ̀, kíláàbù London Irish nìkan ló fi gbogbo ayé bọ́ọ̀lù rẹ̀ sìn. Wọ́n já sí ìpele kejì ní 2016, wọ́n tún já ní 2018, kò kúrò. Ìdíje tó gbá fún wọn lé ní 300. Nígbà tí England pè é ní 2008, ẹ̀ẹ̀mejì ló gbé bọ́ọ̀lù sọdá ìlà New Zealand, tó fi gba àmì, nínú ìdíje àkọ́kọ́ rẹ̀, ní Auckland, nílé wọn níbẹ̀. Ẹ ẹ̀ rí i, pẹ̀lú gbogbo ìyẹn, ìdíje méjì péré ló gbá fún England. Kíláàbù ló bọ́ ọ ní gbogbo ọdún yòókù. Ẹ sọ èyí fún ọmọ yín tó bá ń rò pé aṣọ funfun England ni gbogbo rẹ̀.

Ṣùgbọ́n irú Topsy kò wọ́pọ̀. Èmi wà ní ìlà kejì nínú scrum, ìyẹn ìgbà tí ẹgbẹ́ méjèèjì bá so pọ̀ tí wọ́n ń ti ara wọn, lára àwọn tó ń fi èjìká ti àwọn tó wà níwájú. Etí mi òsì ká jọ bí ewé tí iná rà títí dòní. Ní ọdún mẹ́ta tí mo lò ní kíláàbù ńlá tí mo kọ́kọ́ wà, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo bá àwọn àgbà wọ pápá. Ìyókù, wọ́n ń yá mi fún àwọn kíláàbù kékeré káàkiri. Níbì kan, inú ike ìdalẹ̀nù ńlá, èyí tó ní táyà nídìí, ni wọ́n ń da omi àti yìnyín sí. A ó tò sí ìlà, kálukú á wọnú rẹ̀ dé àyà kí ara lè rọ̀ ọ́.

Lóṣù kìíní ọdún kẹta, ẹnì kan ṣubú lé ẹsẹ̀ mi níbi tó ti rì sínú ẹrẹ̀. Mo gbọ́ ọ kí n tó mọ̀ ọ́n lára, ó dún bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ́ igi gbígbẹ. Iṣan orúnkún ti já. Dókítà ní ó di oṣù mẹ́sàn-án. Lóṣù kẹta, mo ṣì ń fi ọ̀pá rìn nígbà tí ọ̀gá pè mí wọ ọ́fíìsì. Kò jókòó. Ó ń ṣí ìdérí bírò, ó ń pa á dé, ó ní wọn ò ní tún ìwé mi ṣe. Owó oṣù wá títí di ìparí oṣù kẹfà. Láti oṣù keje, owó físíò, ẹni tó ń tọ́jú ẹsẹ̀ mi, di ọ̀rọ̀ àpò mi. Ọmọ ọdún 21 ni mí nígbà náà, mi ò ní A-level kankan, torí èmi náà ti pa á tì.

Mo padà sórí pápá. Ọdún mẹ́fà ni mo tún lò ní ìpele kejì. Lọ́sàn-án mò ń to ẹrù ní wíáháòsì, lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ mo wà níbi ìgbáradì, ọ̀pọ̀ àwọn tí a jọ ń gbá a náà níṣẹ́ ọ̀sán. Mi ò kábàámọ̀ bọ́ọ̀lù náà rárá. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọmọ ọdún 27 ni mí kí n tó lọ jókòó ti àwọn ọmọdé ní kíláàsì láti tún ìṣirò kọ́. Lónìí, èmi ni mò ń ya àwòrán egungun àwọn tó fara pa nílé ìwòsàn.

Kíláàbù fúnra rẹ̀ sì lè kú. Wasps àti Worcester wó ní 2022, nígbà tí sáà ìdíje ti bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kẹfà 2023, London Irish tí Topsy fi gbogbo ara sìn náà tẹ̀ lé wọn. Jersey Reds gba ife ìpele kejì lọ́dún yẹn, oṣù kẹsàn-án ò tíì parí tí wọ́n fi ti ilẹ̀kùn. Àwọn ọmọ náà ò ṣe nǹkan kan, iṣẹ́ ti lọ.

Ẹ fi Ayoola Erinle han bàbá rẹ̀. Èkó ni wọ́n bí i sí. Ó gbá fún Wasps, ó lọ Leicester, ó sọdá sí Biarritz ní Faransé, ó padà wá sí Nottingham, ó wọ aṣọ England ní 2009, ó sì tún kàwé gboyè nínú iṣẹ́ yíyẹ ojú wò. Méjèèjì ṣeé ṣe papọ̀.

Kó tó buwọ́ lù ú, ẹ bi kíláàbù léèrè iye wákàtí tí wọ́n máa fún un láti lọ sí ilé ìwé láàárín ọ̀sẹ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹ ní kó bá RPA, ẹgbẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù rugby, sọ̀rọ̀. Wọ́n máa ń ran ọmọ ẹgbẹ́ lọ́wọ́ lórí ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ míì. Bí wọ́n bá forí gbá a tí ojú rẹ̀ ṣú, kó má fi pa mọ́ nítorí ipò rẹ̀. Mo fi pa mọ́ nígbà kan, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mi ò fi lè wo iná tẹlifíṣọ̀n. Tí ìwé náà bá sì dé ọwọ́ yín, ẹ wá ojú ewé tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ ìfarapa kí ẹ tó wo èyí tí iye owó wà: ta ló ń san owó iṣẹ́ abẹ, títí di ọjọ́ wo, bí ìwé bá sì parí nígbà tí ọmọ ṣì ń fi ọ̀pá rìn ńkọ́?