Àyà mi ń sáré ju ẹsẹ̀ mi lọ: ṣé kí n máa sáré, àbí kí n jókòó jẹ́ẹ́?

Ìbéèrè

Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 43 ni mí, Àkúrẹ́ ni mo ń gbé. Ọdún 14 ni mo fi gbá bọ́ọ̀lù jẹun, ẹ̀yìn ni mo ń gbá, kí orúnkún tó lé mi kúrò lórí pápá lọ́dún 2016. Aṣọ àti bàtà eré ìdárayá ni mo ń tà báyìí. Lọ́dún tó kọjá, mo ń ti Oǹdó bọ̀ nínú ọkọ̀ èrò, àga ẹ̀yìn ni mo wà. Ṣàdédé ni àyà mi bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkìkì, ọ̀fun mi fún, ọwọ́ mi ń ṣe bíi pé eèrà ń rìn nínú rẹ̀, òógùn bò mí. Mo pariwo kí dírẹ́bà dúró. Mo rò pé ikú ti dé. Kí a tó dé ilé ìwòsàn, ó ti lọ. Ó ti ṣe mí lẹ́ẹ̀mẹfà báyìí, ọ̀kan tiẹ̀ jí mi lójú oorun. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti ṣe ECG, àyẹ̀wò bí ọkàn ṣe ń lù, fún mi, wọ́n ní kò sí nǹkan kan. Ìyá mi ní ayé ni, pásítọ̀ ní kí n gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, ọ̀rẹ́ mi fún mi ní Lexotan, oògùn amárabalẹ̀. N kò jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ mọ́, n kì í sì bá àwọn tí a jọ gbá bọ́ọ̀lù sáré láàárọ̀ Sátidé mọ́, torí bí àyà mi bá ti ń lù, màá ní ó tún ti dé. Okwaraji, agbábọ́ọ̀lù tó kú sórí pápá, ni mo máa ń rántí. Ṣé bọ́ọ̀lù ló ba ọkàn mi jẹ́? Ṣé kí n máa sáré, àbí kí n jókòó jẹ́ẹ́?

Ìdáhùn

Ẹ máa sáré. Mo kọ́kọ́ sọ èyí kí ẹ má baà ka ìyókù pẹ̀lú àyà jíjá. Nǹkan kan ṣì wà tó yẹ kó ṣáájú o, màá dé ibẹ̀.

Ohun tó ń ṣe yín ní orúkọ: ìpayà òjijì, èyí tí àwa nílé ìwòsàn ń pè ní panic attack. Tó bá ti ń padà wá, tí ẹ̀rù ìgbà tí yóò tún dé sì ti ń darí ìrìn ẹni, bíi ti ẹ̀yin tí ẹ kò jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ mọ́, ó ti di àìsàn nìyẹn, àìsàn tó sì ní ìtọ́jú. Ẹ wo ọdẹ tó ń ṣọ́ àdúgbò lóru. Tó bá rí olè, ó yẹ kó fun fèrè. Ṣùgbọ́n ewúrẹ́ ni ọdẹ yín rí, ló bá fun fèrè, gbogbo ilé jí, wọ́n yọ àdá. Fèrè yẹn kò bàjẹ́, àwọn tó yọ àdá kò ya wèrè. Wọn ò kàn rí i pé ewúrẹ́ ni.

Nínú ara, adrenaline, èròjà tí ara ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ tó bá rò pé ewu dé, ni fèrè náà. Òun ló ń mú kí ọkàn lù kíkankíkan kí ẹ̀jẹ̀ lè dé ẹsẹ̀, kí a máa mí léraléra, kí òógùn jáde kí ara má baà gbóná jù. Ta ló yẹ kó mọ èyí ju agbábọ́ọ̀lù lọ? Ẹ rántí ìgbà tí ẹ bá tò jáde sórí pápá, tí èrò ń pariwo, tí réfìrì kò tíì fun fèrè. Àyà yín ń lù nígbà náà, àtẹ́lẹwọ́ yín tutù, ó tún ń ṣe yín bíi kí ẹ tọ̀ lẹ́yìn tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tọ̀ tán. Kò sẹ́ni tó gbé yín lọ ilé ìwòsàn. Ẹ ní ara yín ti gbóná fún eré ni. Ohun kan náà ló bá yín lọ́nà Oǹdó, àmọ́ àárín èrò lẹ wà, orúnkún yín ń gún àga iwájú, kò sí bọ́ọ̀lù tí ẹ ó lé. Ara ti múra eré, pápá ni kò sí.

Eèrà tó ń rìn lọ́wọ́ yín ńkọ́? Mímí léraléra ló fà á. Bí a bá ń mí síta jù, carbon dioxide, ìyẹn afẹ́fẹ́ tí a ń mí síta, á lọ sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ìka á máa ṣe bíi pé ó ń kú, òòyì á kọ́ni, ọ̀fun á dà bí èyí tó dí. Ó ń dẹ́rù bani, kì í pani. Láàárín ìṣẹ́jú 10 ló sábà máa ń dé góńgó, tó bá fi máa tó ìṣẹ́jú 30, púpọ̀ rẹ̀ ti lọ. Ìdí nìyẹn tí wọn ò fi bá a lára yín nílé ìwòsàn.

Ẹ dárúkọ Okwaraji, n kò sì ní fò ó. Ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ ọdún 1989 ló ṣubú ní Sùúrùlérè, níbi tí Nàìjíríà ti ń bá Angola gbá, ọmọ ọdún 25 péré. Àyẹ̀wò òkú fi hàn pé ọkàn rẹ̀ tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Lọ́dún 2003, Marc-Vivien Foé ti Cameroon ṣubú bẹ́ẹ̀ ní Lyon. Àìsàn tó ń mú ẹran ọkàn nípọn ló wà lára òun. Ọmọdé lẹ jẹ́ nígbà ti Okwaraji, kò sì yà mí lẹ́nu pé ẹ̀rù yẹn kò tíì kúrò lára yín. Àìsàn tó fara pamọ́ sínú ọkàn ni tiwọn, kì í ṣe ìpayà. Eré àṣekára máa ń jẹ́ kí ọkàn fẹ̀ díẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ lára ọ̀pọ̀ èèyàn, ó máa ń súnkì padà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi eré sílẹ̀.

Ohun tó yẹ kó ṣáájú nìyí. ECG tí wọ́n ṣe fún yín lórí ibùsùn kò lè rí gbogbo nǹkan. Ẹ ní kí wọ́n ṣe echo lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìyẹn àwòrán ọkàn, bíi ti scan tí wọ́n ń ṣe fún aláboyún. Kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, kí wọ́n yẹ ṣúgà wò, kí wọ́n wò ó bóyá ẹ̀jẹ̀ yín tó, kí wọ́n sì yẹ tírọ́ìdì wò, ìyẹn ẹṣẹ́ tó wà lọ́rùn, nítorí bó bá ń ṣiṣẹ́ jù, àyà á máa lù báyìí náà. Tí ẹ bá ti dákú rí níbi tí ẹ ti ń sáré, tàbí tí àyà máa ń dùn yín tí ẹ bá ń ṣe wàhálà tó sì ń rọlẹ̀ tí ẹ bá sinmi, tàbí tí ẹnìkan nínú ẹbí yín kú lójijì láì tíì pé ọdún 50, ẹ sọ fún dókítà ọkàn kí ẹ tó sáré rárá. Bí gbogbo rẹ̀ bá dára, ó parí. Ẹ má ṣe ECG kẹrin. Mo mọ bó ṣe máa ń rí: èsì á tù yín lára fún ọjọ́ méjì, lọ́jọ́ kẹta ẹ ó ní bóyá ẹ̀rọ yẹn kò dáa.

Kí ló dé tó jẹ́ lẹ́yìn tí ẹ fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀? Ó lè bá ẹni tó ṣì wà lórí pápá o. Kevin Love, tó ń gbá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ní Amẹ́ríkà, kúrò lójú ìdíje ní ọjọ́ 5 oṣù kọkànlá ọdún 2017 nítorí ìpayà, ó sì sọ ọ́ fáyé gbọ́ lọ́dún tó tẹ̀lé e. Àmọ́ tiyín, ọdún 14 lẹ fi ń tẹ́tí sí ara yín: iṣan yìí le, kókósẹ̀ yẹn ń ro mí. Iṣẹ́ yín ni. Etí yẹn kò fẹ̀yìn tì pẹ̀lú yín. Kò rí eré gbọ́ mọ́, ó wá ń gbọ́ ọkàn. Ti owó tó dín kù àti orúkọ tí èrò kò ké mọ́, ẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ.

Ó yá, eré. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá sá fún àyà tó ń lù, ṣe ni ọdẹ yẹn ń gbà pé olè ni ewúrẹ́ náà lóòótọ́. Ẹ jẹ́ kó wò ó dáadáa. Ẹ bẹ̀rẹ̀ nínú yàrá: ẹ sáré lójú kan fún ìṣẹ́jú kan kí àyà lù, kí ẹ wá jókòó, kó rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ má di ọwọ́ ìyàwó mú. Ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, fún ọ̀sẹ̀ kan. Tó bá ti ń sú yín, ó ti ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni Sátidé, ìyípo pápá kan péré. Orúnkún yín náà kò fẹ́ jù bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, àga ẹ̀yìn tàkísí láti Ọjà Ọba dé Alágbàká. Ìkẹyìn ni ọ̀nà Oǹdó. Tí ìpayà bá dé lójú ọ̀nà, ẹ má dá ọkọ̀ dúró. Ẹ fi imú mí wọlé pẹ̀lẹ́, kí èyí tí ẹ ń mí jáde gùn jù ú lọ, kí ẹ jẹ́ kó ṣe tirẹ̀ tán. Mo ní aláìsàn tó ti sọ mímí yìí di ońdè, mo ní èyí tí kò lè jáde láìmú píọ́ wọ́tà dání. Ohunkóhun tí ẹ bá ti ń rò pé òun ló gbà yín lọ́wọ́ ikú, ẹ máa fi í sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó dáa kí ẹni tó kọ́ iṣẹ́ náà tọ́ yín sọ́nà. CBT (cognitive behavioural therapy) ni wọ́n ń pe irú ìtọ́jú yìí.

Ẹ dá Lexotan padà fún ọ̀rẹ́ yín. Ó ń tètè paná ìpayà, àmọ́ ó ń di bárakú, kì í sì í jẹ́ kí ọdẹ kọ́ nǹkan kan. Tó bá jẹ́ ojoojúmọ́ lẹ ti ń lò ó fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ má dá a dúró lójijì, dókítà ni yóò máa dín in kù. Oògùn sertraline tàbí àwọn ẹbí rẹ̀ la sábà máa ń fún irú yín. Ó máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́fà kó tó jẹ́. Láwọn ọjọ́ àkọ́kọ́ ara tiẹ̀ lè gbọ̀n sí i, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń jù ú nù sí. Tí ẹ bá ń lo tramadol, oògùn ìrora, fún orúnkún, ẹ sọ ọ́, ẹ má tijú, torí òun àti sertraline pọ̀ lè fa gìrì. Ẹ dín obì, kọfí àti ohun mímu alágbára inú agolo kù, káféènì inú wọn ń lu àyà. Ọtí á tù yín lálẹ́, á gbọ̀n yín láàárọ̀.

Ní ti Ìyá, n kò ní bá wọn jà lórí ọ̀rọ̀ ayé. Kí wọ́n máa gbàdúrà. Ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ bẹ pásítọ̀ kí wọ́n sún síwájú: ebi lè mú kí ara gbọ̀n kí àyà sì lù, ẹ ó tún ní ó ti dé.

Ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ ti ìjọba wà ní Àkúrẹ́ níbẹ̀. Mo mọ̀ pé orúkọ yẹn ń kó ìtìjú bá èèyàn, bí ará Abẹ́òkúta kì í ṣe í fẹ́ kí wọ́n rí òun lẹ́nu ọ̀nà Àrò. Tó bá ń tì yín lójú, Federal Medical Centre wà ní Ọ̀wọ̀, ilé ìwòsàn UNIMED, yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn, sì wà ní Oǹdó. Tó bá jẹ́ Oǹdó lẹ yàn, ẹ ti fi ọ̀nà yẹn kún ìtọ́jú nìyẹn. Bí èrò àtipa ara yín bá ń wá, ẹ má dúró de ọjọ́ kankan, ẹ lọ lónìí, kí ẹnìkan tẹ̀lé yín. Kí ẹ sì mú ìwé ECG mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dání, kí wọ́n má tún gba owó ìkẹrin lọ́wọ́ yín.