Ẹni tó jókòó sẹ́yìn náà, kó de bẹ́líìtì

Ẹ béèrè bóyá ó pọn dandan kí ẹni tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ de bẹ́líìtì, nígbà tí ibi tí ẹ ń lọ ò jìnnà, tí ẹ kì í sì í sáré. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí.

Lọ́jọ́ náà, èmi ni mo wa ọkọ̀, mo sì de bẹ́líìtì tèmi. Àbúrò mi ọkùnrin wà lẹ́yìn mi gan-an, kò de tiẹ̀. Mo rán an létí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé torí ibi tí a ń lọ yìí náà ni?" Mo dákẹ́. Dídákẹ́ tí mo dákẹ́ yẹn ṣì ń dùn mí dòní.

A ò tíì lò tó ìṣẹ́jú 10 lójú ọ̀nà tí ọkọ̀ kan fi já lu ọ̀nà wa láti apá ọ̀tún. Mo tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Bẹ́líìtì gbá mi mú láyà, ó dá mi dúró. Kí n tó mí, nǹkan gbá àga mi láti ẹ̀yìn, àfi bí ìgbà tí wọ́n ju àpò sìmẹ́ǹtì lù mí. Àbúrò mi ni. Ibẹ̀ ni eegun ìhà mi méjì ti ṣẹ́. Ní ti òun, egungun itan rẹ̀ kán, eyín iwájú mẹ́ta sì yọ. Oṣù márùn-ún ló fi ọ̀pá rìn.

Bí ọkọ̀ bá dúró lójijì, ẹni tí kò de bẹ́líìtì ò ní bá a dúró. Eré tí ọkọ̀ ń sá tẹ́lẹ̀ lòun á ṣì máa bá lọ, títí nǹkan á fi dá a dúró: àga, gíláàsì, tàbí ẹni tó wà níwájú. Kìlómítà 50 ní wákàtí kan ò tó ohun tí à ń pè ní eré, ṣùgbọ́n bí ẹni já bọ́ láti nǹkan bíi mítà 10 ni. Kò sí ọwọ́ tó lè di ara mú níbẹ̀.

Ẹ tún ní bẹ́líìtì ń fún yín lọ́rùn. Ẹ wo bí ẹ ṣe ń de é. Nígbà tí ẹnjiníà kan, Nils Bohlin, ṣe irú bẹ́líìtì yìí fún Volvo, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀, ní 1959, ó jẹ́ kó gba àyà àti ìbàdí lẹ́ẹ̀kan náà, torí eegun tó le ló yẹ kó di mú. Apá ìsàlẹ̀ á wà lórí eegun ìbàdí, kì í ṣe lórí ikùn. Abẹ́ ikùn ni aláboyún á ti gbà á. Apá òkè á gba àárín èjìká sọdá àyà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi gba abẹ́ abíyá.

Ẹ má sì gbọ́kàn lé àpò afẹ́fẹ́ tó máa ń bú jáde láti inú sitíárìn. Wọ́n ṣe é kó ran bẹ́líìtì lọ́wọ́ ni, kò lè rọ́pò rẹ̀.

Ní báyìí, mi ò ní gbé ọkọ̀ kúrò lójú kan àfi tí mo bá gbọ́ tí bẹ́líìtì ẹ̀yìn dún "kà". Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wà tí ibi tí wọ́n ń ki irin bẹ́líìtì ẹ̀yìn bọ̀ ti há sábẹ́ àga láti ọjọ́ pípẹ́. Tí tiyín náà bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ fà á jáde lónìí.