Ẹ Bi Wá: Èyí Tówó Ẹ̀ Kéré àbí Èyí Tó Ní Risíìtì?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń tu owó jọ torí ọkọ̀ spọ́ọ̀tì, Porsche Boxster ni mo fẹ́. Mo ti rí àlòkù méjì báyìí, ọdún 2001 làwọn méjèèjì. Àkọ́kọ́ ń dán gbinrin, kò tíì rìn púpọ̀, àmọ́ kò níwèé kankan. Ìkejì ti rin ìlọ́po méjì ẹ̀, ìjókòó ẹ̀ ti gbó, ara ẹ̀ há díẹ̀, ṣùgbọ́n fáìlì risíìtì ńlá ló bá a wá, owó ẹ̀ sì fi ìdá kan nínú mẹ́ta ju tàkọ́kọ́ lọ. Ọkàn mi wà lọ́dọ̀ àkọ́kọ́. Kí lẹ rí sí i?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, ìkejì ni kó o kọ́kọ́ lọ yẹ̀ wò. Iye tí wọ́n dá lé ọkọ̀ kọ́ ni iye tó máa ná ẹ, owó àtúnṣe tó ń dúró dè ẹ́ ni kó o rò mọ́ ọn.

Wo Boxster yìí gan-an. Bíárìn kékeré kan wà nínú ẹ́ńjìnnì ẹ̀, IMS làwọn mẹkáníìkì ń pè é, tó bá fọ́, irin á tú sínú ọ́ìlì, ẹ́ńjìnnì lè ti lọ nìyẹn, owó ẹ́ńjìnnì míì sì lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iye tó o fi ra ọkọ̀ ọ̀hún. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń fọ́ o, ọ̀pọ̀ ṣì ń rìn dòní. Ti 2001 ṣeé pààrọ̀ láì tú ẹ́ńjìnnì, wọ́n kàn máa sọ gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀ ni, torí ẹ̀ ló ṣe jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n bá ń pààrọ̀ kílọ́ọ̀ṣì lẹni tó mọyì ọkọ̀ ẹ̀ máa ń ní kí wọ́n pààrọ̀ bíárìn náà pọ̀. Wá a nínú fáìlì yẹn. Tó bá wà ńbẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́ta tí wọ́n fi lé e yẹn ò pọ̀ rárá.

Ti pé àkọ́kọ́ ò rìn púpọ̀, ta ló lè jẹ́rìí sí i nígbà tí ò níwèé? Ká tiẹ̀ ní òótọ́ ni, ọkọ̀ tó bá dúró sójú kan pẹ́ ń bàjẹ́ lọ́nà tiẹ̀: rọ́bà inú ẹ̀ á gan, omi bíréèkì á máa fa omi mọ́ra, táyà á gbó láì jẹ. Wo nọ́ńbà mẹ́rin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Mo fẹ́ràn kí n máa wò ó torí ó máa ń sọ irú ẹni tó ni ọkọ̀ fún mi. Fọwọ́ kan kápẹ́ẹ̀tì abẹ́ ìjókòó náà, tí ojú ibi tí omi òrùlé ń gbà jáde bá dí, abẹ́ ibẹ̀ ló ń dà sí, ibẹ̀ sì ni kọ̀ǹpútà tó ń dá kọ́kọ́rọ́ mọ̀ wà.

Èyíkéyìí tó o bá fẹ́ rà, jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù kí wọ́n tó sítáàtì ẹ̀ lójú ẹ, kí mẹkáníìkì tó mọ Porsche dáadáa gbé e sókè, kó gé fítà ọ́ìlì ẹ̀ wò bóyá irin wà níbẹ̀. Àwọn ohun tó bá rí ni kó o kọ sílẹ̀ kó o sì yọ owó wọn kúrò nínú iye tó o máa san. Àkọ́kọ́ náà lè wúlò tí wọ́n bá já owó ẹ̀ wálẹ̀ débi tó máa gba bíárìn, kílọ́ọ̀ṣì àti táyà mẹ́rin. Àmọ́ tí ẹni tó ń tà á bá kọ̀ pé kí mẹkáníìkì fọwọ́ kàn án, má bá a nájà mọ́, máa lọ.