Ṣé ohun àìmọ́ ni ìgbéyàwó tí wọ́n fi ń ṣe é lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì?

Ìbéèrè: Mo lọ síbi ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ mi kan ní Cirencester, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ilé alájà mẹ́ta kan wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ tó wà níbẹ̀, mo kọ́kọ́ rò pé ààfin ni. Bàbá kan wá sọ fún mi pé láyé ọjọ́un, ìta ni àlùfáà ti ń so tọkọtaya pọ̀, wọn kì í jẹ́ kí wọ́n wọlé. Kí ló fà á? Ṣé wọ́n ka ìgbéyàwó sí ohun àìmọ́ ni?

Ìdáhùn: Bàbá yẹn kò parọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ àìmọ́ kò sí níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí ni, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ sì ni.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Ọkùnrin á dúró lápá ọ̀tún obìnrin níwájú ilẹ̀kùn, ẹbí àti ará àdúgbò á pé lé wọn lórí. Àlùfáà á bi wọ́n bóyá ẹnikẹ́ni mọ ohun tó lè dí ìgbéyàwó náà lọ́wọ́: bóyá ẹ̀jẹ̀ kan náà ni wọ́n, bóyá ọ̀kan nínú wọn ti ní ẹlòmíràn níbìkan. Ọkùnrin á wá sọ ohun tó yà sọ́tọ̀ fún ìyàwó rẹ̀, á sọ ọ́ sókè kí gbogbo etí gbọ́. Á gbé òrùka pẹ̀lú wúrà àti fàdákà lé orí ìwé àlùfáà, á jẹ́jẹ̀ẹ́, á sì fi òrùka sí i níka. Wọ́n ti di ọkọ àti aya nìyẹn, ẹsẹ̀ wọn kò sì tíì kọjá ìloro. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á tó wọlé lọ síwájú pẹpẹ fún Máàsì, tí wọ́n á kúnlẹ̀, tí wọ́n á sì na aṣọ bò wọ́n lórí nígbà tí àlùfáà bá ń súre fún wọn.

Ohun tí ọkùnrin kéde yẹn ni kókó. Ẹ má fi wé owó orí o. Ẹbí ìyàwó ló ń gba owó orí. Ti ìyàwó fúnra rẹ̀ lèyí, ilẹ̀ tí yóò máa fi jẹun bí ọkọ bá kú ṣáájú rẹ̀. Ẹ̀dà Magna Carta, ìwé òfin ńlá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti 1217 sọ pé kí opó gba ìdá kan nínú mẹ́ta ilẹ̀ tí ọkọ rẹ̀ ní nígbà ayé rẹ̀, àfi bó bá jẹ́ pé èyí tó kéré sí i ni wọ́n fún un lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹnu ọ̀nà gan-an ni òfin dárúkọ. Àwọn amòfin ìgbà náà sì tẹnu mọ́ ọn pé ìlérí tí ọkọ ṣe ní kọ̀rọ̀, tàbí lórí ibùsùn, kò dúró.

Ibi tó yà mí lẹ́nu jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ìgbéyàwó kọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ dúró! Bí ọkùnrin àti obìnrin bá ti sọ fún ara wọn pé "mo fẹ́ ọ", ìbáà jẹ́ lábẹ́ igi, tí kò sí àlùfáà nítòsí, ṣọ́ọ̀ṣì lè bá wọn wí, kò lè tú wọn ká. Ọdún 1753 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó fòfin dá ìyẹn dúró. Nítorí náà, obìnrin tó bá fẹ́ ọkọ rẹ̀ ní kọ̀rọ̀ lè jẹ́ aya lójú Ọlọ́run, kó sì di opó tí kò ní ilẹ̀ lójú kóòtù. Èwo ni ẹ rò pé bàbá ìyàwó máa fẹ́?

Ẹ sì mọ òjò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìyẹn wà lára ìdí tí wọ́n fi ń kọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ síwájú ilẹ̀kùn, lápá gúúsù lọ́pọ̀ ìgbà, tí wọ́n á tẹ́ ìjókòó òkúta sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Ìgbéyàwó nìkan kọ́ ló wà fún. Ibẹ̀ làwọn èèyàn ti ń ṣe àdéhùn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń san gbèsè. Ẹnu ọ̀nà náà ni ìsàmì ti ń bẹ̀rẹ̀: àlùfáà á fi iyọ̀ kan ọmọ lẹ́nu níbẹ̀ (àwa náà ń fi iyọ̀ sọmọ lórúkọ, ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni), kó tó gbé e wọlé síbi omi, tó sábà máa ń wà nítòsí ilẹ̀kùn. Àwọn ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ní yàrá lókè, tí wọ́n fi ń kó ìwé pamọ́ tàbí kọ́ ọmọdé ní ẹ̀kọ́.

Ti Cirencester tí ẹ rí ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Àwọn àlùfáà tó ń gbé pọ̀ nínú ilé ìsìn ńlá (abbey) ìlú náà ló kọ́ ọ ní nǹkan bí 1490, wọ́n sì ń fi òkè rẹ̀ ṣe ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń bójú tó ọ̀rọ̀ òwò àti ti ìjọba. Nígbà tí Ọba Henry Kẹjọ tú ilé ìsìn wọn ká ní 1539, ilé náà wá di gbọ̀ngàn ìlú. Ojú yín kò tàn yín púpọ̀ tẹ́ ẹ fi pè é ní ààfin.

Ní 1549, Ìwé Àdúrà tuntun ti Ṣọ́ọ̀ṣì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kí tọkọtaya wọ àárín ṣọ́ọ̀ṣì wá pẹ̀lú ọ̀rẹ́ àti aládùúgbò wọn. Ìta ṣófo, àmọ́ ọ̀rọ̀ ìta bá wọn wọlé. Ìkéde ìgbéyàwó tí Áńgílíkà ilé wa ń kà lọ́jọ́ Ìsinmi mẹ́ta, ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Róòmù ní 1215 ló sọ ọ́ di dandan. Ibi tí ọkọ sì ti ń jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun fi gbogbo ohun ìní òun fún ìyàwó, àṣẹ́kù ìkéde ilẹ̀ ni. Wúrà àti fàdákà ni kò pẹ́ níbẹ̀. Ní 1552 wọ́n ní kí ọkọ má gbé wọn lé orí ìwé àlùfáà mọ́, òrùka ni kó gbé síbẹ̀, pẹ̀lú owó àlùfáà àti ti akọ̀wé ṣọ́ọ̀ṣì.